Ẹ̀yìnkùlé Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Yà

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn ọmọ kan nínú ẹgbẹ́ àwa tó ń fi géèmù kọ́ ọgbà ìgbafẹ́ gbé fóònù wá bá mi ní ọ́fíìsì mi ní Gbàgádà, wọ́n ní kí n wá wo iṣẹ́ akẹgbẹ́ wọn tí gbogbo ènìyàn ń kan sáárá sí. Ọmọkùnrin náà ti fẹ ọgbà ìgbafẹ́ rẹ̀ lójú nínú géèmù Planet Coaster 2. Ó kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì alájà púpọ̀ sí etí omi, ó fi adágún ìlúwẹ̀ẹ́ àti igi àgbọn yí i ká. Nígbà tí ilẹ̀ sì ṣú, gbogbo fèrèsé ń tàn yòò. Ó wu ojú, n kò ní purọ́. Mo ní kí wọ́n bá mi bi í léèrè ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ ń gbà wọlé. Èsì tó fi ránṣẹ́ ni pé ilé náà kò ní ẹ̀yìn. Ògiri iwájú nìkan lòun kọ́, nítorí ẹ̀yìn kì í hàn nínú fídíò. Wọ́n tún torí èyí yìn ín. Wọ́n ní ọgbọ́n gidi ni, pé kò jẹ́ kí iṣẹ́ pọ̀, kò sì jẹ́ kí kọ̀ǹpútà fà.

Ọmọdé á máa wá ọ̀nà ẹ̀bùrú, a ti mọ ìyẹn tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n kí àwọn tó ti dàgbà nínú iṣẹ́ náà máa pè é ní ọgbọ́n, ìyẹn ni kò jẹ́ kí n lè panu mọ́.

N kò ní kọ́ yín bí a ṣe ń tẹ́ ọ̀nà, bí a ṣe ń gbé ilẹ̀ sókè, tàbí bí a ṣe ń ná owó kí gbèsè má baà gbé ọgbà mì. Ẹ ti mọ ìyẹn. Ẹ̀yìnkùlé ni mo bá wá: ọ̀nà tí òṣìṣẹ́ ń gbà wọlé, ibi tí oúnjẹ ń gbà wọlé, ibi tí aṣọ ìdọ̀tí ń gbà jáde, ibi tí a ń kó pàǹtí sí, ibi tí omi àti iná ti ń wá. Òun ni ẹ máa ń gbàgbé nígbàkígbà tí ẹ bá fẹ́ fi hòtẹ́ẹ̀lì kún ọgbà ìgbafẹ́ yín.

Ẹ rò ó wò. Ẹni tó wá gun ẹ̀rọ á lọ sílé bó bá di ìrọ̀lẹ́, a ó sì ti géètì. Hòtẹ́ẹ̀lì kì í ti géètì. Ẹni tó sùn síbẹ̀ á wẹ̀, á jẹun àárọ̀, á fẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ aṣọ ibùsùn òun. Ká ní yàrá kan ń lo aṣọ mẹ́wàá lójúmọ́, láti orí aṣọ ibùsùn dé orí táwẹ̀lì. Yàrá 200 á lo aṣọ 2,000. Ẹgbàá aṣọ yẹn gbọ́dọ̀ jáde ní ìdọ̀tí, kí ó sì padà wọlé ní mímọ́, lójoojúmọ́. Ọ̀nà wo ni ẹ là fún un?

Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ yíya àwòrán ilé, iṣẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Ìkẹjà ni ọ̀gá mi kọ́kọ́ mú mi lọ. Wọ́n fẹ́ fi yàrá kún un. Mo ti gbọ́n pẹ́ńsù mi dáadáa, mo gbé rúlà àti ìwé dání. Ọ̀gá kò jẹ́ kí n tú nǹkan kan nínú wọn. Ìdájí ni a débẹ̀, ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ni wọ́n sì mú mi gbà wọlé. Wọ́n mú mi dúró sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ agbéniròkè kan ṣoṣo tí gbogbo òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ń lò, wọ́n ní, “Dúró síbí, máa wò.” Wọ́n bá tiwọn lọ.

Mo wò ó. Bọ́ọ̀sì tó kó tòmátì àti ata rodo wá láti ọjà Mile 12 dé, àwọn ọmọkùnrin méjì ń gbé apẹ̀rẹ̀ kọjá níwájú mi, omi tòmátì ń kán sílẹ̀. Obìnrin kan ti kẹ̀kẹ́ aṣọ ìdọ̀tí bọ̀ láti òkè, táyà kẹ̀kẹ́ náà kan ti wọ́, ó ń han gooro bó ṣe ń bọ̀. Ọmọkùnrin kan dé pẹ̀lú tíréè oúnjẹ àárọ̀, ẹyin dídín àti tíì gbígbóná. Ẹ̀rọ agbéniròkè kò tíì sọ̀kalẹ̀. Àwọn méjèèjì dúró ti ara wọn, aṣọ ìdọ̀tí lẹ́gbẹ̀ẹ́ oúnjẹ, títí tíì fi tutù. Nígbà tí ọ̀gá mi padà dé, wọ́n bi mí ohun tí mo rí, mo sì kà á fún wọn. Wọ́n ní, “Ó dáa. O lè mú pẹ́ńsù báyìí.”

Wọn kò ṣàlàyé ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé tí a padà yà níbẹ̀ ní ẹ̀rọ agbéniròkè méjì fún òṣìṣẹ́, ọ̀kan fún ohun tó mọ́, èkejì fún ohun tó dọ̀tí. Aṣọ funfun kì í bá elépo ṣọ̀rẹ́. Iye yàrá tí a fi kún un kéré sí èyí tí onílé fẹ́, ọ̀gá mi kò sì yẹ̀ lórí rẹ̀. Wọ́n sọ fún onílé pé yàrá tí kò ní ọ̀nà ẹ̀yìn, òun kọ́ ni yóò yà á. Mo máa ń rántí ohùn wọn lọ́jọ́ náà. Irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ ti wọ́n.

Bí ẹ bá rò pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni mo ń sọ, ẹ wo àwọn tí ẹ̀yin náà ń wò bí àwòkọ́ṣe. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Disney fẹ́ ṣí ọgbà ìgbafẹ́ Magic Kingdom ní Florida ní 1971, ọ̀nà àwọn òṣìṣẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́. Omi kò jìn sílẹ̀ níbẹ̀, wọn kò lè gbẹ́ ihò wọ inú ilẹ̀. Wọ́n kọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ sórí ilẹ̀, wọ́n kó iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ jáde nínú adágún tó wà níwájú ọgbà náà bò ó, wọ́n sì kọ́ ọgbà sórí rẹ̀. Ohun tí àlejò ń pè ní ilẹ̀ níbẹ̀, àjà kejì ni. Lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ni òṣìṣẹ́ ti ń rìn, tí ẹrù ń kọjá, tí ẹ̀rọ ń fa pàǹtí gba inú páìpù lọ. Àwọn tó ní owó tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n kọ́kọ́ ná an sí.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ omi yẹn yé àwa ará Kòsọ́fẹ́ ní Èkó níbí ju ẹnikẹ́ni lọ. Ibi tí odò Ògùn ti ń wọ ọ̀sà ni a wà. Nígbà tí òjò bá pọ̀, tí wọ́n sì ṣí omi sílẹ̀ láti ìdídò Ọ̀yán, a mọ ohun tí ojú Kétu àti Mile 12 máa ń rí. Ní 2010, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Ajégúnlẹ̀ lójú ọ̀nà Ìkòròdú sá fi ilé wọn sílẹ̀ fún omi. Síbẹ̀ mo ṣì ń rí àwòrán tí wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ àti ẹ̀rọ tó ń fa omi sí ibi tó relẹ̀ jù lọ nínú ilẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni kò hàn. Bí omi bá dé, iná á kọ́kọ́ lọ, omi ẹ̀rọ á tẹ̀ lé e, àlejò á sì wà nínú òkùnkùn lájà kẹrin. Ẹ gbé wọn sórí pèpéle, kódà nínú géèmù tí omi kì í ti kún. Ojú tó bá ti mọ ibi gíga kò ní ṣì í mọ̀ lórí ìwé.

Àwọn géèmù yín gan-an ń kọ́ yín, bí ẹ bá gbà kí wọ́n kọ́ yín. Nínú Parkitect, tó jáde ní 2018, ẹrù àwọn ṣọ́ọ̀bù máa ń ti etí ọgbà wọlé, òṣìṣẹ́ ló ń gbé e, bí àlejò bá sì rí ẹrù tàbí ilé òṣìṣẹ́, inú rẹ̀ kì í dùn. Wọ́n fún yín ní ọ̀nà tí òṣìṣẹ́ nìkan ń rìn, wọ́n fún yín ní ògiri àti igi tí ẹ lè fi bo ẹ̀yìn. Nínú Planet Zoo ti 2019, bí yàrá ìsinmi òṣìṣẹ́ bá jìnnà, ojú ọ̀nà ni òṣìṣẹ́ yóò ti lo ọjọ́ rẹ̀. Planet Coaster 2, tó jáde ní 2024, sọ pé adágún ìlúwẹ̀ẹ́ gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ omi àti ẹ̀rọ asẹ́mi, kí iná sì dé ọ̀dọ̀ wọn. Kí ló dé tí ẹ ń fi hòtẹ́ẹ̀lì sínú irú ayé bẹ́ẹ̀ láìfún un ní ohun kan nínú ìwọ̀nyí?

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Lórí ilẹ̀ òfìfo, kí yàrá kankan tó wà, mo máa ń kọ́kọ́ fa ọ̀nà kan láti etí ilẹ̀ dé ibi tí ẹ̀yìn hòtẹ́ẹ̀lì yóò wà. Mo máa ń jẹ́ kó fẹ̀ tó ibi tí ọkọ̀ ńlá ti lè yí, nítorí ní Èkó, tánkà dísù ń bọ̀, tánkà omi ń bọ̀, ọkọ̀ tó ń kó ìgbọ̀nsẹ̀ ń bọ̀, PSP ń bọ̀ wá kó pàǹtí. Mo máa ń pín ẹ̀yìn sí apá méjì: apá kan fún ohun tó ń wọlé, apá kejì fún ohun tó ń jáde, kí ọ̀nà wọn má pàdé. Mo máa ń fi yàrá òṣìṣẹ́ sí àárín méjèèjì. Lẹ́yìn náà ni mo tó ń to yàrá àlejò, iwájú ilé ló sì ń kẹ́yìn. Ẹ̀yin bẹ̀rẹ̀ láti iwájú. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀yìn kì í fi bá yín mu.

Fífẹ hòtẹ́ẹ̀lì tún le ju kíkọ́ tuntun lọ, torí àlejò ń sùn níbẹ̀ lọ́wọ́. Ilẹ̀ tí ìmúgbòòrò sì máa ń kọ́kọ́ jẹ ni ẹ̀yìnkùlé. Mo ń rí i ní Gbàgádà níbí. Ẹnì kan ra ilẹ̀ méjì láàárín ilé àwọn ènìyàn, ó kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì, oníbàárà dé. Inú rẹ̀ dùn, ó kọ́ yàrá kún gbogbo ẹ̀yìn. Lónìí, jẹnẹrétọ̀ ń bú lábẹ́ fèrèsé yàrá tuntun tó gbówó lórí jù. Ọkọ̀ tó kó ẹrù wá ń dúró sójú títì, sílíńdà gáàsì sì ń gba iwájú tábìlì olùgbàlejò kọjá lójú àwọn tó ń sanwó. Ẹ̀fúùfù ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìyẹ.

Ẹ fi wé bí Eko Hotel ṣe ń dàgbà ní Victoria Island. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 1977. Lónìí, ilé tuntun ti kún un, Suites, Gardens, Signature, lórí ilẹ̀ kan náà. Ilẹ̀ ni wọ́n ní. Walt Disney alára rí ìyà àìnílẹ̀. Nígbà tó ṣí Disneyland ní California ní 1955, owó hòtẹ́ẹ̀lì kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Jack Wrather ló bá a kọ́ Disneyland Hotel, ọdún 1988 ni ilé iṣẹ́ Disney tó rà á. Àwọn onílé ìtura mìíràn sì kọ́lé yí ọgbà náà ká, kò sí ibi tó lè yà sí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ra ilẹ̀ tó ju éékà 27,000 lọ ní Florida kí wọ́n tó fi bíríkì kan lé òmíràn. Bí ẹ bá ń fẹ ọgbà yín, ẹ fi ilẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn, kí ẹ má fi ọwọ́ kàn án.

Mo ti ń ṣe irú géèmù yìí láti ìgbà RollerCoaster Tycoon ti 1999, èyí tí Chris Sawyer fẹ́rẹ̀ẹ́ dá kọ tán. Ní ilé kọ̀ǹpútà kan ni mo ti mọ̀ ọ́n, ẹ̀gbọ́n kan tó ń bá wọn tún kọ̀ǹpútà ṣe níbẹ̀ ló kọ́ mi. Bí ọgbà mi bá dọ̀tí, èmi á fẹ́ gba agbálẹ̀ sí i. Ẹ̀gbọ́n yìí á ní kí n kọ́kọ́ tẹ̀ lé agbálẹ̀ kan, kí n wo ibi tó ń lọ. Bí mo bá tẹ̀ lé e, màá rí i pé ó ti bá ọ̀nà jíjìn kan lọ, ó ń gé koríko níbi tí ènìyàn kankan kò dé. A ó pààlà fún un, ọgbà á sì mọ́ láìgba ẹnikẹ́ni kún un. Àwòrán ìgbà yẹn kéré, kò dán, ṣùgbọ́n ojú òṣìṣẹ́ la fi ń wo ọgbà. Ẹwà ti òde òní ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ojú yẹn lọ́wọ́ yín, ó sì ń dùn mí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé géèmù lásán ni, mo ti gbọ́ yín. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tó ń gbé fóònù wá bá mi fẹ́ lọ kọ́ bí a ṣe ń ya ilé ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Yábà tàbí ní Àkọkà. Ọwọ́ tó ti mọ́ wọn láti ìsinsìnyí ni wọn yóò gbé débẹ̀, òun náà ni wọn yóò gbé dé orí ilé tí ènìyàn gidi yóò sùn sí. Ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́ tí ẹ ń pàtẹ́wọ́ fún ògiri tí kò ní ẹ̀yìn, ẹ̀yin lẹ ń bà wọ́n jẹ́. Ẹ jẹ́ kí ìyìn yín ṣòroó gbà.

Ẹ̀yin ọmọ mi, kí ẹ tó ní iṣẹ́ ti parí, ẹ mú òṣìṣẹ́ kan, ẹ tẹ̀ lé e láti géètì dé yàrá òkè, kí ẹ sì tẹ̀ lé e padà pẹ̀lú aṣọ ìdọ̀tí. Bó bá kọjá láàárín àwọn tó ń jẹun, ẹ wó ilé náà, ẹ tún un kọ́. Ilẹ̀kùn ọ́fíìsì mi ṣí sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kí n wo iṣẹ́ òun, ṣùgbọ́n ọ̀nà òṣìṣẹ́ ni kó kọ́kọ́ fi hàn mí.