Àdùkẹ́, Ìwọ̀n Eku Nìwọ̀n Ìtẹ́

Àdùkẹ́, wá jókòó síbí. Ọkọ̀ ò ní tán ní gáréèjì. Gbé ẹkísítẹ́ńṣọ̀n yẹn wá kí n wò ó. Hẹ̀n! Wo ojú ihò rẹ̀ bó ṣe dúdú bí ìdí ìkòkò. Rọ́bà ti yọ́ lé bàbà inú rẹ̀ lórí, òórùn ò sì tíì kúrò lára rẹ̀. O wá dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi, o ní, "Àǹtí, ẹ bá mi mú òmíràn." Kò sí ohun tí mo ní tí mi ò lè fún ọmọ àbúrò mi, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ lo máa kọ́kọ́ gbà lónìí.

O ní ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni iná fi ṣe bàìbàì ní àdúgbò yín, tí áyọ́ọ̀nù ò gbóná. Ìgbà tí iná gidi wá dé lálẹ́ Jímọ́ọ̀, o ki gbogbo ẹ̀ bọ ẹkísítẹ́ńṣọ̀n kan ṣoṣo: áyọ́ọ̀nù fún aṣọ ẹbí, sítóòfù oníná fún ẹ̀wà. Ẹ̀wà, tí kì í jinná bọ̀rọ̀! O tún wá jáde lọ pọnmi. Ká ní ìyá tó wà ní yàrá kejì ò gbóòórùn ńkọ́? A kì í fi iná sórí òrùlé sùn, Àdùkẹ́. Àyà mi ṣì ń já bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Ìwọ tó o ṣe fìsíìsì jáde níléèwé! Látọdún tí mo ti ń ta wáyà, ìṣirò méjì péré ni mo fi ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀, ìwọ náà sì mọ̀ wọ́n. Rántí ìyá rẹ nídìí gàrí. Ọwọ́ tó fi ń tẹ ẹ̀gẹ́ lójú asẹ́, fólítì nìyẹn. Èyí tó ń já bọ́ sísàlẹ̀, áńpù ni. Bí ojú asẹ́ ṣe há tó, òun ni óòmù. Tẹ̀ ẹ́ gidi, púpọ̀ á jábọ́. Jẹ́ kí ojú asẹ́ há, díẹ̀ ni wàá rí. Torí náà, tó o bá fẹ́ mọ óòmù, fi áńpù pín fólítì. Tó o bá fẹ́ mọ wáàtì, ìyẹn iṣẹ́ tí iná ń ṣe ní ìṣẹ́jú àáyá kan, fi fólítì lọ́po áńpù.

Yí ìdí áyọ́ọ̀nù yẹn sókè. Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀? 1150 wáàtì, 230 fólítì. Fi 230 pín 1150: áńpù 5. Fi 5 pín 230: óòmù 46. Ó tán. Sítóòfù rẹ jẹ́ 2300 wáàtì: áńpù 10, óòmù 23. Óòmù rẹ̀ jẹ́ ìdajì ti áyọ́ọ̀nù, ló ṣe ń fa iná ìlọ́po méjì. Olúkúlùkù ń fa tirẹ̀, ṣùgbọ́n wáyà kan náà ni gbogbo ẹ̀ ń gbà wá láti ara ògiri. 5 àti 10 jẹ́ 15. Ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn ẹkísítẹ́ńṣọ̀n: 13. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. O kó òkété sí ìtẹ́ ẹ̀lírí.

Sún mọ́ mi, kí o rí èyí tó burú jù. Bàbà yìí ti la ẹnu, kò di wáyà tó ń bọ̀ láti ara ògiri mú mọ́. Ibi tó dẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní óòmù tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ká ní ìdajì óòmù péré ni. Pa ìṣirò méjèèjì pọ̀: ooru tó máa mú jáde jẹ́ áńpù lọ́nà áńpù, lọ́nà óòmù. Áyọ́ọ̀nù nìkan: 5 lọ́nà 5 jẹ́ 25, ìdajì rẹ̀ jẹ́ wáàtì 12.5. Méjèèjì pọ̀: 15 lọ́nà 15 jẹ́ 225, ìdajì rẹ̀ jẹ́ 112.5. Áńpù di ìlọ́po mẹ́ta, ooru di ìlọ́po mẹ́sàn-án! Ó ju gílóòbù 100 wáàtì lọ, inú rọ́bà tí kò níbi èémí lo sì tàn án sí. Fíyúùsì ò lè gbà ọ́ níbẹ̀, torí áńpù ló ń ṣọ́, kì í ṣọ́ ibi tó dẹ̀.

James Joule, ọmọ àwọn apọntí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló fi ìlọ́po yẹn hàn ní 1841. Ṣáájú rẹ̀, Georg Ohm, ọmọ alágbẹ̀dẹ kọ́kọ́rọ́ ní Jámánì, ti kó wáyà gígùn àti kúkúrú jọ, ó ń wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kó tó tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1827. Olùkọ́ iléèwé ni. Ó wọ̀n kó tó sọ̀rọ̀. Ìwọ ò wọ̀n, o kàn ki gbogbo ẹ̀ bọ ẹkísítẹ́ńṣọ̀n.

Iná bàìbàì tó mú ọ kánjú náà, ìṣirò yìí ló wà nídìí rẹ̀. Tí 230 bá di 115, óòmù 46 wà bó ṣe wà, áńpù 2.5 ló máa wọlé, wáàtì 287.5. Fólítì ṣe ìdajì, ooru ṣe ìdá kan nínú mẹ́rin. Áyọ́ọ̀nù rẹ ò bàjẹ́ o, má lọ náwó ra òmíràn.

Láti òní lọ, ara ògiri ni kí sítóòfù máa gbà tààrà, òun nìkan. Tó bá ti ṣiṣẹ́ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ara púlọ́ọ̀gì. Tó bá gbóná, pa á. Tó o bá fẹ́ jáde, pa á. Kódà kó jẹ́ omi lo fẹ́ pọn.

Ó yá, kẹ́tùlù oníná tó ò ń bẹ̀ mí pé kí n rà fún ọ, 1840 wáàtì ni. Áńpù mélòó? Má wo fóònù... 8. Káre! Tí áyọ́ọ̀nù bá tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ńkọ́? 13. Etí bèbè nìyẹn, ọmọ mi. Má jẹ́ kó débẹ̀. Gba tuntun yìí, wáyà rẹ̀ nípọn, mo ti fúnra mi yẹ̀ ẹ́ wò. Fi èyí tó jóná sílẹ̀ níbí, iwájú ṣọ́ọ̀bù ni mo máa gbé e kọ́ sí kí àwọn ọmọ ẹlòmíràn lè rí i. Ẹ̀bà wà nínú kúlà. Jẹun kí o tó lọ.