Efínrín: Ìdẹ̀ra Ọlọ́hun Lẹ́yìnkùlé Wa

Ẹ̀kọ́ wa lóṣù yìí dá lórí efínrín, ewé tí kò wọ́n wa ní Ọ̀tan-Ilé àti ní gbogbo ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Àwọn ọ̀dọ́ kan ń sá fún un, wọ́n ní ewé adáhunṣe ni. Ǹjẹ́ òótọ́ ni?

Nínú Súúrátù Rahmáánù, áyà 12, Ọlọ́hun ka ráíhánù, ewéko olóòórùn dídùn, mọ́ àwọn ìdẹ̀ra Rẹ̀. Nínú hádíìsì tí Imaamu Muslim gbà wá, Ànábì (ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kí ó máa bá a) kọ̀ fún wa láti dá ráíhánù padà bí ẹnìkan bá fi ta wá lọ́rẹ. Ọ̀pọ̀ Lárúbáwá ń pe efínrín wẹ́wẹ́ ní ráíhánù. Ọmọ ìyá rẹ̀ sì ni efínrín ńlá tiwa.

1. Nínú ọbẹ̀: Àwọn ìyá wa a máa rẹ́ ẹ sínú ọbẹ̀ ẹja àti ẹ̀gúsí tí a fi ń jẹ iyán. Ìgbà tí ọbẹ̀ bá fẹ́ kúrò lórí iná ni kí á tó fi í sí i, nítorí pé inú òróró ewé náà ni òórùn rẹ̀ wà, iná púpọ̀ a sì gbé e lọ.

2. Nínú ìtọ́jú ara: Àwọn àgbà ń lo omi rẹ̀ fún inú rírun, ìgbẹ́ gbuuru àti ikọ́. Àwọn onímọ̀ ti rí thymol àti eugenol nínú òróró rẹ̀, èyí tí ó ń pa kòkòrò àrùn nínú ìgò àyẹ̀wò. Ṣùgbọ́n inú ìgò yàtọ̀ sí inú ènìyàn. Bí ọmọdé bá ń yàgbẹ́ gbuuru, omi ORS àti oògùn síǹkì ni kí á tètè wá fún un, nítorí pé àìsí omi lára ni ó ń pa ọmọ. Bí ara bá ń gbóná, kí á lọ ṣe àyẹ̀wò ibà. Kí aláboyún má sì mu àgbo rẹ̀ láìbéèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì.

3. Ohun tí a kọ̀: Ewé kò ní ẹ̀ṣẹ̀. Ọfọ̀ tí a ń pè sí i, àti ẹbọ tí a ń fi í ṣe, ni ṣíríkì. Ẹni tí ó bá já efínrín pẹ̀lú Bísímílááhì, tí ó mọ̀ pé Ọlọ́hun nìkan ni Olùwòsàn, kò rú òfin kankan.

Nítorí náà, ẹ gbìn ín sẹ́yìnkùlé, ẹ jẹ ẹ́, kí ẹ sì dúpẹ́ fún Ẹni tí ó dá a. Kí Ọlọ́hun fún wa ní àlàáfíà. Àmín.