Ààrò Ìyanran Wo Ló Yẹ Ẹ̀yìnkùlé Wa?

ÌBÉÈRÈ: Ìníṣà ni à ń gbé. Nígbà Iléyá àti ìparí ọdún, àwọn àbúrò ọkọ mi máa ń kó ọmọ wọn wá láti Ìbàdàn àti Èkó, a sì máa ń fẹ́ yan ẹran àti ẹja ní ẹ̀yìnkùlé. Ọkọ mi rí ààrò onídèérí kan tó rí roboto ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Òṣogbo, ó fẹ́ rà á. Wẹ́dà kan ní Ìkìrun ní òun á fi àgbá ṣe èyí tó tóbi jù ú lọ fún wa. Ìyá ọkọ mi ní Òkukù sì ní ìnákúnàá ni méjèèjì, pé òkúta mẹ́ta àti àwọ̀n irin ti tó. Èwo ni ká ṣe? Ṣé a sì lè lò ó nínú gáréèjì bí òjò bá ń rọ̀? — Ìyàwó Ilé, Ìníṣà.

ÌDÁHÙN: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ lọ bá wẹ́dà Ìkìrun, ṣùgbọ́n ẹ má tíì san àsansílẹ̀ títí ẹ ó fi ka ìwé yìí dé ìsàlẹ̀. Ààrò àgbá lè pẹ́ ju ti ṣọ́ọ̀bù lọ, ó sì lè ṣe àwọn ọmọ ní jàǹbá. Ohun tó wà nínú àgbá náà tẹ́lẹ̀ àti ohun tí wọ́n fi ṣe àwọ̀n rẹ̀ ni yóò sọ èyí tí yóò jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ ti ìyá ọkọ yín, nítorí òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Bó bá jẹ́ iṣu, àgbàdo àti bọ̀ọ̀lì ni ẹ máa ń sun, òkúta mẹ́ta, ẹyín iná tó pọ́n dáadáa àti àwọ̀n irin ti tó. Ẹni tó ń sun ún jókòó tì í, ó ń fẹ́ ẹ, ó ń yí i, ojú rẹ̀ ló sì ń rí i bó ṣe ń jinná. Ẹran àgbò kò rí bẹ́ẹ̀. Itan àgbò, odidi adìyẹ, tàbí ẹja àrọ̀ ńlá láti adágún Èkó-Ẹndẹ máa ń jó lára kí inú rẹ̀ tó jinná. Ọ̀rá á kán sórí iná, iná á gbà á, ara ẹran á dúdú, ẹ̀jẹ̀ á ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun. Irú ẹran bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ ooru tó yí i ká, tí kò sì le jù, fún wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdérí ló ń fún un ní ìyẹn, pẹ̀lú ihò afẹ́fẹ́ tó ṣeé ṣí, tó sì ṣeé pa dé.

Ihò afẹ́fẹ́ yìí ni mo fi ń dá ààrò gidi mọ̀. Bí atẹ́gùn tó ń dé ìdí èédú bá ṣe pọ̀ tó ni iná ṣe ń le tó. Ẹ ṣí ihò ìsàlẹ̀, iná á ràn. Ẹ dín in kù, iná á rọ̀. Ẹ ti tòkè tìsàlẹ̀ pa, èédú á kú, ẹ ó sì rí èyí tó ṣẹ́ kù lò lọ́jọ́ mìíràn. Ààrò tí kò bá ní ihò tó ṣeé dín kù, omi ni ẹ ó máa wọ́n síná lójoojúmọ́ tí ẹ bá ń yan ẹran, eérú á sì máa fò bo oúnjẹ, bó ti wù kí ààrò náà dán tó.

Ààrò roboto tí ọkọ yín rí ní Òṣogbo, ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ irin ni òun náà ti wá. Ní 1952, George Stephen ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ irin Weber Brothers ní Chicago, níbi tí wọ́n ti ń ṣe àwọn irin roboto ńlá tó ń léfòó lórí omi láti fi ọ̀nà han ọkọ̀ ojú omi. Ó gé ọ̀kan sí méjì, ó fi ìsàlẹ̀ ṣe ààrò, ó fi òkè ṣe ìdérí, ó sì lu ihò sí i lára. Ọ̀pọ̀ ààrò roboto tó wà lọ́jà lónìí, àwòkọ iṣẹ́ rẹ̀ ni. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má fojú kéré wẹ́dà tó ní òun á gé àgbá fún yín. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń tọ̀.

Mi ò ní kí tọkọtaya tó ní ọmọ méjì má ra ti ṣọ́ọ̀bù. Èyí tó wọ́pọ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 57, ìyẹn sì gba ẹja méjì pẹ̀lú adìyẹ kan. Tiyín ni mo ń wò: èrò ìdílé mẹ́ta tàbí mẹ́rin, àgbò odidi, àwọn ọmọ tó ń sáré kiri ẹ̀yìnkùlé. Ọ̀pọ̀ èyí tó rọ̀ lówó ni páànù rẹ̀ fúyẹ́ débi pé bí ẹ bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, á jìn wọnú, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì máa mì. Ààrò tó ń mì kò yẹ ilé ọlọ́mọdé.

Ó wá ku wẹ́dà. Àgbá onílítà 200 ga tó sẹ̀ǹtímítà 88, ó sì fẹ̀ tó 57. Bí wọ́n bá là á gbọọrọ láti òkè délẹ̀, tí wọ́n fi ìdajì kan ṣe ààrò, tí wọ́n fi èkejì ṣe ìdérí, ẹ ti ní àyè láti kó èédú sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ẹ sì fi ẹ̀gbẹ́ kejì sílẹ̀ lófìfo. Ẹja àti ẹran wẹ́wẹ́ á wà lókè iná gan-an. Itan àgbò á wà lápá ibi tí kò síná, ẹ ó sì dé e. Ọ̀rá rẹ̀ kò ní kán sórí èédú mọ́, èéfín dúdú tó ń rọ̀ mọ́ ẹran á dín kù, àwọn èròjà tó lè fa àrùn jẹjẹrẹ sì wà nínú èéfín ọ̀rá tó jó yẹn.

Ẹ bi wẹ́dà léèrè ohun tí àgbá náà gbé rí. Èyí tó gbé òróró jíjẹ ló dára jù. Èyí tó gbé oògùn apakòkòrò, ásíìdì, ọ̀dà tàbí kẹ́míkà èyíkéyìí, ẹ má gbà á, ìbáà jẹ́ pé wọ́n fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Èyí tó gbé pẹtiróòlù, wẹ́dà fúnra rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ pa lára: oru epo tó kù nínú àgbá tó dà bíi pé ó ti gbẹ lè bú gbàù bí iná bá kàn án nígbà tí wọ́n bá ń gé e. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ fi ẹ̀mí wéwu nítorí ẹran Iléyá. Àwọn àgbá kan tún wà tí wọ́n kun inú wọn. Ẹ fi igi dá iná ńlá sínú rẹ̀ níta títí ọ̀dà náà á fi jó tán, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á, ẹ fi òróró pa á, kí ẹ tún dáná sí i lẹ́ẹ̀kan sí i kí oúnjẹ tó débẹ̀. Bí owó bá wà lọ́wọ́ yín, mo fẹ́ kí ẹ pa ti àgbá tì pátápátá, kí wẹ́dà lo páànù irin tuntun onímílímítà 3. Ó nípọn ju ara àgbá lọ, ó ń gba ooru pamọ́, kò sì sí ìtàn kankan nínú rẹ̀ tí ẹ ò mọ̀.

Àwọ̀n tí ẹran máa sùn lé ló ń dà mí láàmú jù lọ, torí ibẹ̀ làwọn ènìyàn kì í bìkítà. Mo máa ń rí i tí wọ́n ń yọ pẹpẹ inú fíríìjì àtijọ́ láti fi yan ẹja. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é. Wọ́n fi cadmium bo òmíràn nínú àwọn pẹpẹ yẹn, májèlé sì ni bí iná bá kàn án. Àwọ̀n tí wọ́n fi ń ṣe ilé adìyẹ náà kò dára, síńkì ni wọ́n fi bò ó, èéfín síńkì tó gbóná gan-an sì ń fa ibà àti èébì. Ẹ ní kí wẹ́dà fi ọ̀pá irin lásán tí wọn ò fi nǹkan kan bò, tàbí irin tí kì í dípẹtà, to àwọ̀n náà, kí àlàfo àárín ọ̀pá má ju ìka kan lọ. Kí ó wà ní sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15 lókè èédú. Kí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ga débi tí ẹni tó ń yan ẹran kò ní bẹ̀rẹ̀. Kí wẹ́dà ṣe ihò méjì sísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ihò òkè wà lára ìdérí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, kí èéfín lè gba ara ẹran kọjá kó tó jáde. Kí ọwọ́ ìdérí jẹ́ igi.

Ti onígáàsì ńkọ́? Ó mọ́, ó sì yá, àmọ́ kò ní òórùn igi tí àwọn èrò Èkó tìtorí rẹ̀ wá, ẹnu réjúlétọ̀ àwọn tó ń ti Amẹ́ríkà wọlé kì í sì í sábà bá ẹnu sílíńdà wa mu. Ti oníná mànàmáná, ẹ̀yin náà mọ bí iná ṣe ń ṣe.

Èédú igi líle ni kí ẹ rà, irú èyí tí wọ́n fi igi àyìn sun, tí ń wá láti Òkè-Ògùn. Ẹ gbé e wò: ó wúwo, ó sì ń dún gbangan bí ẹ bá fi ọ̀kan kan èkejì. Èyí tó fúyẹ́, tó ń rún mọ́ ọwọ́, á máa ta pàràpàrà, kò sì ní pẹ́ tán. Ògùṣọ̀ tàbí ìṣẹ́pẹ́ igi gbígbẹ ni kí ẹ fi ran án. Kẹrosíìnì ń wọnú ẹran. Pákó ọlọ́dà àti pákó tí wọ́n fi oògùn ikán pa kò gbọdọ̀ dé ìdí rẹ̀ rárá. Ẹ dúró títí eérú funfun á fi bo èédú kí ẹ tó gbé ẹran lé e, kí ẹ sì gé adìyẹ wò lẹ́bàá egungun kí ọmọdé tó fẹnu kàn án. Ẹni tó bá ní tẹmómítà, ìwọ̀n 74 lórí Celsius ni kí inú adìyẹ dé.

Ní ti ibi tí ẹ ó gbé e sí, atẹ́gùn àsìkò òjò ń ti gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn wá, ti ọyẹ́ ń ti àríwá àti ìlà-oòrùn wá. Iléyá máa ń yí kiri inú ọdún, ìparí ọdún sì ni ọyẹ́ ń bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má kàn án mọ́lẹ̀, kí ẹ lè máa yí i bí atẹ́gùn bá yí. Kí ó jìnnà sí òrùlé, aṣọ sísá àti koríko gbígbẹ, pàápàá nígbà ọyẹ́, tí ẹ̀ta-iná kan ṣoṣo ti tó láti jó oko.

Nínú gáréèjì? Rárá o, ì báà ṣe pé ẹ ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ gbayawu. Èédú ń tú gáàsì carbon monoxide jáde, kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ó sì ń pa ènìyàn kó tó mọ̀ pé ohun kan ń ṣe òun. Lẹ́yìn tí iná bá ti rọ̀ gan-an ni àwọn ènìyàn máa ń gbé ààrò wọlé, torí wọ́n rò pé ó ti kú. Bí òjò bá máa ń bá yín lójijì, ẹ ní kí káfíńtà na òpó mẹ́rin, kí ó kan páànù lé e lókè réré, láìsí ògiri kankan. Bí òjò bá sì ti bá yín kí ìyẹn tó wà, ẹ kó ẹran sínú ìkòkò, ẹ lọ fi gáàsì parí rẹ̀ ní kíṣìnnì, ẹ ti gbogbo ihò ààrò pa, ẹ fi í sílẹ̀ síta di ọjọ́ kejì. Láàárọ̀, ẹ kó eérú rẹ̀ dànù pátá. Eérú tó bá rin nínú rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ jẹ irin náà.