Odò tó fẹ́rẹ̀ẹ́ di gọ́tà, ẹja ṣì wà níbẹ̀

Ìbéèrè: Odò kékeré kan gba àárín oko kọjá lẹ́bàá ìlú tí mò ń gbé ní Devon, England. Oko àgbàdo wà lápá kan, màlúù ń jẹ̀ lápá kejì, wọ́n sì ti gbẹ́ odò náà títí ó fi tọ́ gbọnrangandan bíi gọ́tà. Síbẹ̀, mo ti rí ẹja brown trout níbẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ apẹja wa fẹ́ dáwó ra ẹja ọ̀sìn dà sí i. Ṣé kí n bá wọn dá a? Ṣé ó tilẹ̀ yẹ kí n máa ju ìwọ̀ síbẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ máa ju ìwọ̀ síbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má dá owó ẹja. Ibi tí ẹyin ẹja á ti yè ni odò yín ṣaláìní. Láàárín Oṣù Kọkànlá sí Oṣù Kìíní, abo brown trout a máa fi ìrù gbẹ́ kòtò sínú òkúta wẹ́wẹ́, a yé ẹyin síbẹ̀, a sì bò ó. Ẹyin yìí lè wà níbẹ̀ fún oṣù méjì sí mẹ́ta, bí omi bá ṣe tutù tó, ọ́síjìn tí omi ń gbé gba àárín òkúta kọjá ló sì ń mú un yè. Àsìkò yìí gan-an ni oko àgbàdo ń ṣe ọṣẹ́. Àgbàdo oúnjẹ màlúù kì í tètè gbó ní England. Nígbà tí wọ́n bá fi kórè rẹ̀ tán, ó ti pẹ́ jù láti gbin ohun tí yóò bo ilẹ̀ kí òjò ìgbà òtútù tó dé. Ilẹ̀ tí kátakátá ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ kì í fa omi mu. Ẹrẹ̀ á ya wọ odò, á dí àlàfo àárín òkúta, ẹyin á sì kú. Ẹja àgbà tí ẹ rí lè fara da omi ẹlẹ́rẹ̀. Ẹyin rẹ̀ ni kò lè fara dà á.

Ẹni tó bá da ẹja ọ̀sìn sínú irú odò bẹ́ẹ̀ kó àlejò wá sílé tí onílé kò ráyè sùn sí. Trout a máa jà fún àyè. Àwọn àlejò náà á gba àyè àti oúnjẹ lọ́wọ́ ẹja ìbílẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì ní rí òpin ìgbà òtútù. Èyí tó bá yè tó sì bá ẹja ìbílẹ̀ gùn lè sọ ìran rẹ̀ di aláìlágbára. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé, láti 2015, ẹja aláìlèbímọ tàbí ọmọ ẹja inú odò náà fúnra rẹ̀ ni Environment Agency, àjọ tó ń bójú tó àyíká ní England, ń fàṣẹ sí fún irú ìdàsódò bẹ́ẹ̀.

Ẹnìkan lè ní àgbẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹun, a kò lè ní kó fi oko sílẹ̀ nítorí ẹja. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ wo Coon Valley ní Wisconsin, Amẹ́ríkà. Ìroko àìbìkítà ti mú kí ẹrẹ̀ orí òkè ya bo àfonífojì náà kí ìjọba tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àfihàn ìdáàbòbò ilẹ̀ níbẹ̀ ní 1933. Wọ́n kọ́ àwọn àgbẹ̀ láti máa ro ilẹ̀ yí òkè ká, kì í ṣe láti òkè wá sísàlẹ̀. Ní 1999, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Stanley Trimble fi hàn nínú ìwé ìròyìn Science pé ẹrẹ̀ tó ń jókòó sí àfonífojì náà ti dín kù gidigidi. Iṣẹ́ oko kò dúró níbẹ̀. Lónìí brown trout ń fúnra rẹ̀ bímọ nínú àwọn odò agbègbè náà, àjèjì tí wọ́n kó wá sí Amẹ́ríkà láti Yúróòpù ní nǹkan bí 1883 sì ni! Ní England, òfin 2018 ti pàṣẹ pé kí àgbẹ̀ má jẹ́ kí ilẹ̀ àti ajílẹ̀ rẹ̀ ṣàn wọ odò. Ilẹ̀ tó ń ṣàn lọ yẹn, ilẹ̀ rẹ̀ ni.

Àtakò kejì wúwo jù: bí ẹja bá ṣọ̀wọ́n, kí ló dé tí a ó tún máa dẹ ẹ́? Èmi gbà pé odò tí ẹnikẹ́ni kò yà sí ni ìbàjẹ́ rẹ̀ kì í hàn. Apẹja ló ń rí ẹja tó kú àti omi tó yí àwọ̀ padà, tó sì ń pe 0800 80 70 60, nọ́ńbà tí Environment Agency fi ń gba ìròyìn tọ̀sán-tòru. Ṣùgbọ́n ìwọ̀ tí kò ní ẹ̀gún ni kí ẹ lò, kí ẹ sì dá gbogbo ẹja padà. Mo mọ̀ pé yóò ya àwọn ará ilé lẹ́nu pé ẹ lọ pẹja, ẹ sì padà lọ́wọ́ òfo. Ẹja kò wọ́n lọ́jà. Bí omi bá ti gbóná kọjá 19°C, ẹ ká okùn yín. Ẹ máa pẹja láti ìsàlẹ̀ odò lọ sókè, nítorí ibi tí omi ti ń bọ̀ ni trout ń kọjú sí. Ẹ wá abẹ́ gbòǹgbò igi àti ẹ̀gbẹ́ ìtì igi tó wó sínú omi, níbi tí ìṣàn ti gbá ẹrẹ̀ kúrò. Ẹ má fa ìtì náà jáde nítorí pé ó há ìwọ̀ yín. Ilé ẹja ni. Ní Oṣù Kẹta àti Oṣù Kẹrin, ẹ má fẹsẹ̀ tẹ òkúta wẹ́wẹ́ tó mọ́, ọmọ ẹja lè ṣì wà nínú rẹ̀.

Ẹ gba ìwé àṣẹ ìpẹja àti ìyọ̀ǹda onílẹ̀. Owó tí ẹgbẹ́ yín bá dá, ẹ fi ra wáyà àti òpó tí yóò dá màlúù dúró létí odò, kí ẹ sì lọ bá àgbẹ̀ náà sọ̀rọ̀ kí ó tó kórè àgbàdo ọdún yìí.