Ẹ̀kọ́ Kẹrìnlá: Dókítà àti Òfin

Bí ọkọ̀ bá kọlu ènìyàn, tí a sáré gbé e dé ọsibítù, kí ni dókítà yóò kọ́kọ́ ṣe? Ṣé owó ni yóò béèrè? Rárá o! Ẹ̀mí ni ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà là. Ọ̀rọ̀ owó lè tẹ̀yìn wá.

Òfin ìlera Nàìjíríà ti ọdún 2014 sọ pé ọsibítù kankan, ti ìjọba tàbí ti aládàáni, kò gbọdọ̀ kọ aláìsàn pàjáwìrì. Ẹni tí ó bá kọ̀ ọ́ lè san ìtanràn ₦100,000, tàbí kí ó ṣẹ̀wọ̀n tó oṣù 6, tàbí kí ó jẹ ìyà méjèèjì. Òfin ọdún 2017 sọ pé kí wọ́n tọ́jú ẹni tí ìbọn bà, bí kò tilẹ̀ sí ìwé ọlọ́pàá.

Ṣùgbọ́n dókítà kì í ṣe Ọlọ́run. Bí aláìsàn bá kú, ìyẹn nìkan kò sọ dókítà di ọ̀daràn. Ẹ má lù ú. Ohun tí a ó béèrè ni pé: ǹjẹ́ ó ṣe ohun tí ó yẹ, ní àkókò tí ó yẹ?

Àwa náà ti mọ̀wé kà báyìí. Ẹ jẹ́ kí a máa ka ìwé kí a tó fọwọ́ sí i. Kí a tọ́jú káàdì àti rìsíìtì wa. Bí ọ̀rọ̀ bá di ẹjọ́, ìwé ni ẹlẹ́rìí wa.

Ìbéèrè: Kí ni òfin ọdún 2014 sọ?