Orúkọ Ilé-Ìwé Tàbí Ẹrù Gbèsè?

Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí kan àwọn tó fẹ́ gba dìgírì kejì nínú Social Work, iṣẹ́ tí a ń pè ní wẹ́fíà nílé, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Nígbà mìíràn, yunifásítì méjì lè gba ènìyàn wọlé: ọ̀kan lókìkí, owó rẹ̀ sì ga; èkejì kò lókìkí, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ mọ níwọ̀n. Èwo ni kí ó mú? Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ jẹ́ kí á wo ilé náà.

1. Ohun tí iṣẹ́ náà ń béèrè

Àjọ CSWE, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1952, ló ń fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ yìí. Ní gbogbo ilé-ìwé tí ó fọwọ́ sí, akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ kọ́ṣẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ fún wákàtí 900, ó kéré tán. Ìpínlẹ̀ ló ń fúnni ní láísẹ́ǹsì lẹ́yìn ìdánwò.

Ẹ wo New York. Yunifásítì aládàáni ni Columbia, tí ilé-ìwé Social Work rẹ̀ ti ní gbòǹgbò láti 1898. Hunter College jẹ́ ti CUNY, yunifásítì ìlú náà, owó rẹ̀ fún ọmọ ìpínlẹ̀ sì kéré púpọ̀ sí ti Columbia. CSWE fọwọ́ sí méjèèjì. Ìdánwò láísẹ́ǹsì kan náà ni àwọn ọmọ méjèèjì ń ṣe, a kì í sì fi máàkì kún ti ẹnikẹ́ni nítorí orúkọ ilé-ìwé.

2. Ohun tí àpò lè gbé

Ní 2024, ìdajì àwọn òṣìṣẹ́ yìí ní Amẹ́ríkà ni owó ọdún wọn kò tó 61,330 dọ́là. Ká ní ilé-ìwé kan yóò gba 90,000 dọ́là títí a ó fi parí, tí èkejì yóò gba 30,000. Ìyàtọ̀ 60,000 yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó iṣẹ́ ọdún kan gbáko, kí a tó yọ owó orí, oúnjẹ àti owó ilé. Bí ó bá jẹ́ pé a yá a ni, èlé ṣì ń bẹ lórí rẹ̀. Fún Mùsùlùmí tó ń sá fún ríbà, ọ̀rọ̀ náà tún wúwo sí i.

Ètò ìjọba kan wà láti 2007 tó ń fagi lé ìyókù gbèsè ìjọba fún ẹni tó bá ṣiṣẹ́ fún ìjọba tàbí àjọ tí kì í wá èrè, tó sì san owó náà nígbà 120. Ọdún mẹ́wàá nìyẹn. A kò gbọdọ̀ tìtorí rẹ̀ yá owó púpọ̀. Ẹni tó sì ti ilé lọ pẹ̀lú físà akẹ́kọ̀ọ́ kò lẹ́tọ̀ọ́ sí ẹ̀yáwó ìjọba náà rárá.

3. Ibi tí orúkọ ti wúlò

A kò sọ pé orúkọ kò já mọ́ nǹkan. Ẹni tó fẹ́ ṣe ọ̀mọ̀wé kó lè kọ́ni ní yunifásítì, tàbí tó fẹ́ wà níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìwádìí fún òfin ìlú, lè jàǹfààní ńlá lára àwọn olùkọ́ olókìkí. Bí ilé-ìwé olórúkọ bá sì fún wa ní ẹ̀bùn ìrànwọ́ tó mú owó rẹ̀ wálẹ̀, ó yẹ kí á tún ìṣirò ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ tọ́jú aláìsàn, ọmọ òrukàn tàbí arúgbó, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni wọn yóò wò.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ wo ìfọwọ́sí, kí ẹ ṣírò gbogbo owó, kí ẹ tó wá wo orúkọ.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Ta ló ń fọwọ́ sí ilé-ìwé tí mo fẹ́?
2. Níbo ni wọn yóò ti fi mí kọ́ṣẹ́ fún wákàtí 900 náà?
3. Bí mo bá parí, oṣù mélòó ni màá fi san gbèsè náà tán?