Ẹ̀yin Ọ̀dọ́ Ìkálẹ̀, Ẹ Gbọ́ Ègbè Orin Yín

Ẹ̀yin ọmọ mi, mò ń gbọ́ orin ráàpù Amẹ́ríkà tí ẹ ń lù ní Òkìtìpupa. Èébú tí àwọn tó fi aláwọ̀ dúdú ṣẹrú ń bú wọn wà nínú rẹ̀, ẹ sì ń kọ ọ́ geere. Lọ́dún 2018, ní Alabama, olórin ráàpù Kendrick Lamar pe ọmọbìnrin aláwọ̀ funfun kan sórí pèpéle kó wá kọrin òun. Ó kọ ọ́ tèébú-tèébú, ni Kendrick bá dá a dúró. Àwọn kan ní ojúsàájú ni. Èmi ò gbà: ẹni tí wọ́n fi èébú nà ló lè fi ṣeré. Àwọn aláwọ̀ dúdú fúnra wọn ò kúkú fohùn ṣọ̀kan lórí lílo èébú náà. Ní 2007, NAACP, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà, gbé pósí jáde ní Detroit, wọ́n sin èébú náà.

Tiwa ló ń dùn mí. Bí òyìnbó bá bú yín bẹ́ẹ̀, inú yóò bí yín. Àmọ́ bí Ìgbò tó ń ta sípíà páàtì bá ń kọjá, “kòbòkóbò”, èébú tí a fi ń pe irú wọn, lẹ fi ń gbe orin. Tó bá fajú ro, ẹ ó ní eré ni. Ta ló fún yín láṣẹ eré yẹn? Bí ẹ bá tún fẹ́ kọrin níbi ìgbéyàwó, ẹ yọ “kòbòkóbò” kúrò nínú ègbè.